Àpáta Ààbò àti Pàìpù Èéfín Tó Kọjú Sínú Ilé

Ìlú kan wà tí wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá kó tó sín. Ẹ kà á dáadáa: kó tó sín. Bí imú rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, tí ojú rẹ̀ sì rọ́ bí ojú ewúrẹ́ tó ṣèèṣì jẹ ata, gbogbo akọ̀wé á gbé bírò sílẹ̀, wọ́n á dìde. Bí sísín náà bá wá jáde, àtẹ́wọ́ á sọ, ẹnì kan á sì mi orí pé, “Ẹ ò gbọ́ bó ṣe rinlẹ̀? Sísín àwọn míì kì í nítumọ̀ báyìí.”

Ọ̀gá tí à ń wí yìí ni olórí Ọ́fíìsì Ààbò Ilé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò ju pé kí iná má jó ilé, kí gáàsì má pa ènìyàn, kí wáyà má gbé ọmọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kò gbà pé òun ń ṣiṣẹ́. Ó gbà pé òun ń jẹ oyè ni. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Àpáta Ààbò. Nígbà tí ìyẹn mọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ lẹ́nu, ó fi Odi Ìdílé kún un, ó tún fi Bá-Ewu-Wí-Kó-Gbọ́ dé e lórí. Bí ilé bá ń jó, tí ẹ fẹ́ lọ sọ fún un, ẹ ní láti kọ́kọ́ kí i tán. Kí ẹ tó kí i tán, ilé náà ti jó tán, ẹ ò ní ohunkóhun láti sọ mọ́.

Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ohun kan wà tó mọ̀. Kó tó di ọ̀gá ńlá, ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn ló máa ń lọ káàkiri láti kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ amómigbóná oní-gáàsì tí ẹ̀mí kò fi ní í bọ́. Inú balùwẹ̀ ló ti máa ń dán ọ̀rọ̀ náà wò, tòun ti ọṣẹ lórí. “Pàìpù èéfín híta gbọ́dọ̀ jáde síta gbangba. Ẹ má gbé e sí yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráàyè wọ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ìdè rẹ̀. Bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró; bó bá pọ́n, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bí orí bá sì ń fọ́ yín nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ sá jáde, ẹ má dúró wá bàtà.” Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá jí i lójú oorun, á kà á láìṣì kan. Àwọn ìbejì náà mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ sí yunifásítì. Òun ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lásìkò tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Àpáta: àga Olùdarí Àgbà ní olú-iléeṣẹ́. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, Ìgbìmọ̀ sì ti kéde pé àwọn fúnra wọn máa wá wo ilé ẹni tó bá ń wá a. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò láàbò, ṣé òun ló máa dáàbò bo ilé ẹlòmíì? Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí Àpáta bá já a gbà, ó di Olùdarí Àgbà. Bí kò bá já a gbà, ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó, ilé ló ń lọ, á di bàbá àgbà kan báyìí tó ń bomi rin òdòdó, tí ẹnikẹ́ni kò ní dìde fún nígbà tó bá wọlé. Ọ̀rọ̀ ìkejì yìí ni kì í jẹ́ kó sùn.

Ló bá lọ ra híta tuntun, kí Ìgbìmọ̀ lè rí ohun tí wọ́n máa wò. Ó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Oníṣẹ́ gáàsì tó gbé e wá jẹ́ ọkùnrin kan tó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ; kò tíì de ìdè kan tó ti ròyìn mẹ́wàá. Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri balùwẹ̀ òkè, ó fi omi ọṣẹ pa ojú ìdè, kò hó. Ó wá kù kó lu ihò sí ògiri tó kọjú sí títì, kí pàìpù èéfín lè gba ibẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ògiri yẹn fún yín. Nígbà ọjọ́ ìbí Àpáta, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ ayàwòrán kan, ó sì ya ojú ọ̀gá sí gbogbo iwájú ilé náà, láti abẹ́ òrùlé dé ìpìlẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹní. Irun imú gan-an hàn. Àwọn onímọ́tò tó bá kọjá ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ máa ń tẹ bíréèkì láìnídìí.

Oníṣẹ́ gáàsì lu ògiri, ó lu ú, ó já síta. Ariwo sọ lójú títì. Àpáta sáré sọ̀kalẹ̀, ó gbójú sókè. Ihò náà ti já síbi imú òsì.

“Ta ló dá ihò sí mi nímú?”

“Ọ̀gá, imú kì í ṣàìní ihò,” ni oníṣẹ́ gáàsì dáhùn lójú fèrèsé òkè. “Ó kúkú bá ìṣẹ̀dá mu.”

“Èéfín á wá máa jáde nímú mi lójú gbogbo ayé?”

“Díẹ̀ ni, sà. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ nìkan ni.”

“Dí i!”

Wọ́n po sìmẹ́ńtì, wọ́n dí i. Ó wú díẹ̀, ó wá dà bíi pé agbọ́n ta ọ̀gá nímú, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn. Oníṣẹ́ gáàsì sọ̀kalẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́.

“Ibo ni kó wá gbà, sà? Ẹ̀gbẹ́ kan yàrá ni, ẹ̀gbẹ́ kejì àtẹ̀gùn. Ibi ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ògiri ìta kan ṣoṣo tó kù, ẹ̀yin ni. Ṣé kí n gba etí ni?”

“Kọjú rẹ̀ sókè. Jẹ́ kó parí sínú àjà.”

“Háà. Ọ̀gá, òfin yín ní kó jáde síta.”

“Ta ló ṣe òfin náà?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ta ni mí?”

Oníṣẹ́ gáàsì fa èémí. “Àpáta Ààbò, Odi Ìdílé, Bá-Ewu-Wí-Kó-Gbọ́.”

“Láti òní lọ, ìwọ ni Ẹnjiníà Àgbà fún Ọ́fíìsì Ààbò Ilé.”

Ọkùnrin náà wo pàìpù, ó wo àjà, ó tún wo pàìpù. Ohun tó mọ̀ wà lójú rẹ̀ kedere; bẹ́ẹ̀ ni oyè tuntun náà wà níbẹ̀, oyè ló sì wúwo jù. “Ẹ̀n-ẹ́n,” ló wí, “àjà yín ga gan-an o, sà. Èéfín á gbádùn ibẹ̀.”

Ìyá Ìbejì ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí oníṣẹ́ gáàsì lọ tán, ó ní, “Bàbá Ìbejì, pàìpù èéfín híta gbọ́dọ̀ jáde síta gbangba.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Láàárín ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn.”

“Ìgbà tí mo ṣì kéré nípò nìyẹn.”

“Ṣé èéfín mọ ipò ni?”

Ohun mìíràn ti ń jẹ Àpáta lọ́kàn: bí Ìgbìmọ̀ bá fi òfin lé ọwọ́ kan, tí wọ́n fi ilé rẹ̀ lé ọwọ́ kejì, wọ́n á rí i pé àwọn méjèèjì kò bára mu. Ẹlòmíì ì bá yí pàìpù kó bá òfin mu. Àpáta yí òfin kó bá pàìpù mu.

Ó pe ìpàdé. Ó dúró síwájú, ó fi ọwọ́ kan di bẹ́líìtì mú, ó na ìkejì sí fèrèsé.

“Ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ mi, mo ti wo ojú títì wa, ojú títì sì ti wò mí padà, ojú tì wá. Kí ni mo rí? Pàìpù! Pàìpù lọ́tùn-ún, pàìpù lósì! Ilé tó ní bàálé, ilé tó ní ìyálé, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń mu sìgá bí ọmọ ìta! Ṣé ohun tí ènìyàn jẹ nílé, ìta ló ti ń gùnfẹ̀ rẹ̀? Mo ti ro ó lọ, mo ti ro ó bọ̀. Èéfín ilé, ilé ni kó gbé!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí tí ọwọ́ fi pọ́n. Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lójú rẹ̀ àfi tó bá sùn, nu omijé. “Èéfín ilé, ilé ni kó gbé! Sà, ibo lẹ ti ń rí irú ọ̀rọ̀ yìí?”

“Ó kàn máa ń wá ni.”

Arábìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì náà gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni kí èéfín ọ̀hún máa ṣe nínú ilé?”

“Kó máa ṣe àlejò,” ni Akọ̀wé Àgbà dáhùn, yàrá sì bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé arábìnrin náà lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn àga tó kán sí.

Báyìí ni àwọn olùyẹ̀wò ṣe gun alùpùpù jáde, tí wọ́n ń fọn fèrè láti ojúlé dé ojúlé: “Pàìpù yín dà? Ẹ yí i wọlé!” Àwọn kan kùn, wọ́n yí i. Àwọn kan kò ní híta rárá, wọ́n lọ ra pàìpù lásán, wọ́n gbé e kọ́ àjà, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn kò fẹ́ràn ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ yí tirẹ̀ ni ìyá Àpáta fúnra rẹ̀, màmá àgbà kan tó ń dá gbé ní òpópónà kejì, tí agbára rẹ̀ ṣì pé, tí ẹnu rẹ̀ sì ju agbára lọ. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní, “Màmá, ṣé kò léwu báyìí?” Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ọmọ mi ló sọ ọ́. Ìwọ, kí ni ọmọ tìrẹ sọ rí?”

Kò pẹ́ tí ẹ̀fọ́rí fi bẹ̀rẹ̀. Bí Àpáta bá ti wẹ̀ tán láàárọ̀, ẹ̀bátí rẹ̀ á máa lu, orúnkún rẹ̀ á rọ bí ìwé tó bọ́ sómi. Ó dé ọ́fíìsì, ó fi ọwọ́ ti iwájú orí.

“Sà, ṣé orí ń fọ́ yín ni?” ni Akọ̀wé Àgbà bèèrè.

“Díẹ̀.”

“Ẹ̀fọ́rí ipò nìyẹn! Àga Olùdarí Àgbà ló ti ń jókòó sí yín lórí, kẹ́ ẹ tó jókòó sórí rẹ̀.”

“Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?”

“Ohun tó ga kì í fúyẹ́, sà.”

Kí oòrùn tó mú, gbogbo ọ́fíìsì ti fi áńkáṣíìfù di orí. Orí ń fọ́ olùṣírò, ó ń fọ́ awakọ̀, ó ń fọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí orí tirẹ̀ kò bá fọ́, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ní ohun tó ń gbìmọ̀. Nínú gbogbo wọn, orí ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọ́ lóòótọ́, òun nìkan sì ni kò mọ ohun tó ń fọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Gáàsì inú sìlíńdà lóòórùn. Bó bá jò, imú á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, tí èéfín rẹ̀ kò rọ́nà lọ, ó máa ń bí ọmọ kan tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tí kì í kan ilẹ̀kùn. Ìgbà tí orúnkún yín bá ń yẹ̀ lẹ ó tó mọ̀ pé ó ti wọlé.

Ìyá Ìbejì gbé ojú sókè lọ́jọ́ kan, ó ké sí i. “Bàbá Ìbejì, ẹ wá wo iná híta yín. Ó ti pọ́n.”

Àpáta wò ó. “Wúrà nìyẹn. Ẹ̀rọ náà mọ ẹni tó ń wẹ̀.”

“Wúrà kọ́, ìyeyè ni. Ẹ̀yin lẹ ní bó bá pọ́n, ẹ pa á. Dúdú tó wà lókè àjà yẹn ńkọ́?”

“Òjìji ọlá ni.”

“Ọlá tó ń ba ilé jẹ́.” Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó ṣí i gbayawu.

Àpáta tì í padà. Inú balùwẹ̀ yìí ló ti ń dán ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé wò, ọ̀rọ̀ tó máa sọ nígbà tí wọ́n bá gbé àga fún un, ó sì dá a lójú pé aládùúgbò òdìkejì títì fẹ́ jí i gbọ́, kó lọ sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó mú téèpù, ó fi lẹ etí fèrèsé náà yíká, ó tún lẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ìyá Ìbejì kó ọṣẹ àti táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ. “Balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ni èmi ń lọ. Mo máa fi kẹ́tùlù gbé omi kaná, mo sì máa ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹ máa gbádùn àtẹ́wọ́ yín. Èmi ò bá yín kú ikú àtẹ́wọ́ o.”

Ìgbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò kù sí dẹ̀dẹ̀, Àpáta ṣe òfin kan sí i, nítorí ẹni tó ti gé òfin kan jẹ, ẹnu rẹ̀ kì í dá. Ó pè é ní Ìwẹ̀ Ìyìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí agogo ìlú bá ti lù, gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò gbọ́dọ̀ tan híta wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo ènìyàn wẹ̀ nígbà kan náà, kí Alága Ìgbìmọ̀ lè rí ìlú tó mọ́ tónítóní nítorí ọkùnrin kan. Akọ̀wé Àgbà gbọ́ ọ, ó ní òun ò mọ̀ pé òun á gbé ayé rí irú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ dé. Alága wọn jẹ́ ọkùnrin tín-ínrín kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó wo ojú ńlá tó wà lára ilé, ó wo imú tó wú, ó ní, “Hmm.” Àpáta rò pé ó ń yìn ín. Ó kó gbogbo wọn gòkè lọ sínú balùwẹ̀, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, Akọ̀wé Àgbà, Ẹnjiníà Àgbà, wọ́n há sínú rẹ̀ bí ìṣáná inú páálí. Ó ti ilẹ̀kùn, kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Agogo ìlú lù. Ó tan híta. Iná pọ́n yòò.

“Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ,” ni Àpáta bẹ̀rẹ̀, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù onídẹ àti táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi òwú kọ oyè rẹ̀ sí lára, “omi! Kí ni omi? Omi tútù fún ẹranko, ó lọ́ wọ́rọ́wọ́ fún ọmọ aráyé, ṣùgbọ́n fún ẹni tí a yàn, omi a gbóná!” Ó ti orí bọ abẹ́ omi, ó fi ọṣẹ pa á títí tó fi hó bọ̀ọ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tó gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn. Gbogbo wọn ló ń mi orí. Alága ń mi orí. Akọ̀wé Àgbà ń mi orí, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ́. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ ti gbé orí lé Ẹnjiníà Àgbà léjìká. Láyé rẹ̀, Àpáta kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ àwọn ènìyàn lára tó báyìí.

“Mo rí i pé ẹ fara mọ́ ọn,” ló wí, ahọ́n rẹ̀ wúwo.

“Sà,” ni Ẹnjiníà Àgbà wí, ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, “àjà ti kún.”

Alága Ìgbìmọ̀ wó lu ọlọ́lá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn wó lu òmíràn. Àpáta fúnra rẹ̀ na ọwọ́ di ògiri mú, ó rí i pé ògiri ti ń lọ.

Ariwo yẹn ni Ìyá Ìbejì gbọ́ nísàlẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ lọ síta, ó ti kọ́ọ̀kì sìlíńdà pa, ó gòkè, ó fi èjìká já ilẹ̀kùn tòun ti téèpù, ó di èémí rẹ̀ mú, ó sì fi àpótí ìjókòó fọ́ fèrèsé. Ó fa aṣọ ẹni tó bá kàn án, ó ń wọ́ ọ jáde. “Ẹ dìde! Ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹ má wá bàtà!” Àwọn tó lè rìn ń fa àwọn tí kò lè rìn. Kò pẹ́, gbogbo ọlá ìlú wà lórí koríko níwájú ilé, wọ́n nà gbalaja, wọ́n ń bì, wọ́n ń mí. Gbogbo wọn ló ń mí. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ẹnì kan ti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Àpáta jókòó lórí koríko, ọṣẹ ṣì bo orí àti ojú rẹ̀. Akọ̀wé Àgbà rá kòrò dé etí rẹ̀.

“Sà, ẹ má sọ nǹkan kan. Ojú Alága kò tíì là tán. A ó ní oúnjẹ ọ̀sán ló da inú wọn rú. Àga ṣì wà ńlẹ̀, sà. Ẹ ṣá dákẹ́.”

Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ìmọ̀ràn tó dára ni. Àga náà ṣì wà lójú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ó ń dán. Ìyá Ìbejì wá dúró lé e lórí.

“Bàbá Ìbejì, agogo ti lù. Gbogbo àdúgbò ti tan tiwọn.”

Ojú rẹ̀ ṣì wà lára àga náà.

“Gbogbo ilé tẹ́ ẹ ní kí wọ́n yí pàìpù wọn. Màmá yín náà ti wọ balùwẹ̀.”

Nígbà náà ni Àpáta dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ibì kan, orí rẹ̀ gba ibòmíì, ṣùgbọ́n ó gbá gbohùngbohùn tí wọ́n fẹ́ fi ṣayẹyẹ mú, ó sì fi táwẹ́ẹ̀lì tó kún fún ọṣẹ nu ojú, ọṣẹ tún bo ojú náà sí i. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sójú títì. Ìyá Ìbejì gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n,” ni Àpáta pariwo, “ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ojú wa rí, tí ọkàn wa sì rò, ó di dandan kí á tún ìpinnu wa gbé yẹ̀wò...”

Àtẹ́wọ́ sọ láti inú àwọn balùwẹ̀ káàkiri, àtẹ́wọ́ tútù tó ń ta omi. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìyìn ni. Kò sí ẹnìkan tó jáde.

Ó dé ẹnu ọ̀nà màmá rẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn.

“Ta nìyẹn?” ni màmá bèèrè láti inú lọ́hùn-ún. “Mò ń wẹ̀ nítorí ọmọ mi!”

“Màmá, èmi ni! Ẹ jáde!”

“Ìwọ ta?”

“Èmi Àpáta Ààbò, Odi...” Ó fi ìyókù sílẹ̀. “Èmi ọmọ yín ni.”

“Irọ́! Ọmọ mi wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńlá, kò ráyè wá. Kúrò níbẹ̀, olè!”

Omi ń dà. Àpáta bẹ̀bẹ̀, ó tún gbá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó ti mọ màmá rẹ̀ láti kékeré: kò sí àṣẹ tó lè mú un jáde, kò sí iná, kò sí òjò. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

“Òmùgọ̀ ni ọmọ yín!”

Omi dákẹ́.

“Kí lo wí?”

“Mo ní òmùgọ̀ ni Àpáta Ààbò! Orí ńlá, kò sí nǹkan nínú rẹ̀!”

Ilẹ̀kùn ṣí gbàmù. Màmá yọ, ó ró ìró láyà, kàn-ìn-kàn-ìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pàṣán. “Ta ló bú ọmọ mi? Ìwọ olójú-ọṣẹ yìí! Dúró ńbẹ̀!”

Àpáta sá. Ó ń sá, inú rẹ̀ dùn, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó ń mú ènìyàn jáde. “Òmùgọ̀ ni Àpáta!” ló ń ké ní ojúlé dé ojúlé. “Irọ́ ni òfin rẹ̀! Nítorí imú rẹ̀ ló ṣe fẹ́ pa yín! Ẹ pa híta, ẹ ṣí fèrèsé!”

Ṣé ẹ mọ ìgbà tí ìlú yẹn ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ yìí sókè? Fèrèsé ń ṣí bí ẹni ṣí ìwé. Àwọn ènìyàn ń tú jáde tòun ti ọṣẹ, wọ́n fẹ́ rí akọni tó ń bú Àpáta ní gbangba.

“Tún un sọ!” ni ẹnì kan ké láti ojú àtẹ̀gùn.

“Agbéraga ni!”

“Sísín rẹ̀ ńkọ́?”

“Sísín rẹ̀ kò nítumọ̀ kankan!”

Inú ìlú dùn títí. Àwọn kan di orí mú, wọ́n jókòó sí etí títì, wọ́n ń mí afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ń wọ ilé tó ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ti kọ́ọ̀kì pa.

Lórí koríko lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń gbé Alága Ìgbìmọ̀ sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó gbé ọwọ́ sókè. “Ta nìyẹn tó ń pariwo?”

Akọ̀wé Àgbà yíjú kúrò, àmọ́ arábìnrin yàrá ìsàlẹ̀ ti dé, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. “Ọ̀gá wa ni, sà.”

“Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí,” ni Alága wí, “òun nìkan ló tíì sọ òótọ́ kan fún mi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí á gbé àga fún.” Ó mí díẹ̀. “Ta lẹ ní ó ń bú?”

“Ara rẹ̀, sà.”

“Ó ti rò ó dáadáa nìyẹn. Ẹ gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí gbogbo pàìpù sì padà síta.” Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Àpáta kò gbọ́ èyí. Èémí ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti jókòó sí etí gọ́tà ní òpin òpópónà, gbohùngbohùn wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá lé e bá. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọṣẹ kúrò lójú ọkùnrin náà, kó lè mọ ẹni tó fẹ́ lù. Ó wo ojú náà fún ìgbà díẹ̀.

“Ìwọ ni?”

“Èmi ni, màmá.”

“Ìwọ lo ń bú ọmọ mi láti ìsàlẹ̀ dé òkè?”

“Èmi ni.”

Màmá gbé kàn-ìn-kàn-ìn sókè, ó gbá a lórí pẹ́ẹ́, omi ọṣẹ fò yíká.

“Má tún bú ọmọ mi mọ́,” ló wí. Ó jókòó tì í ní etí gọ́tà, ó sì ń bá a gbọn omi kúrò létí.